Ọfọ̀ Lẹ́nu Ọmọ Òrukàn: Ìtàn Captain Marvel àti Orúkọ Tí Ó Sọnù Mọ́ Ọn Lọ́wọ́

Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lónìí lè dà bí ọ̀rọ̀ eré létí àwọn kan, nítorí pé ìwé ọmọdé tí wọ́n ń tà ní sẹ́ǹtì 10 ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà nígbà kan rí ni ó dá lé lórí, irú èyí tí gbogbo wa mọ̀ sí kọ́míìkì. Ṣùgbọ́n ó kan àwa tí a fẹ́ràn èdè gbọ̀ngbọ̀n, nítorí pé akọni tí mo fẹ́ sọ ìtàn rẹ̀ kò ní agbára kankan títí tí yóò fi la ẹnu sọ ẹyọ ọ̀rọ̀ kan. Ọ̀rọ̀ ni ó gbé e ga. Nígbà tí ó sì yá, orúkọ tirẹ̀ gan-an bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́, ẹlòmíràn sì gbé e, ó ń jẹ́ ẹ títí di òní.

A kò lè sọ̀rọ̀ rẹ̀ kí a má kọ́kọ́ mẹ́nu ba Superman. Àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin méjì kan ní ìlú Cleveland, Jerry Siegel tí ń kọ ìtàn àti Joe Shuster tí ń ya àwòrán, ni wọ́n dá Superman sílẹ̀. Dọ́là 130 péré ni wọ́n gbà tí wọ́n fi yọ̀ǹda gbogbo ẹ̀tọ́ wọn lórí rẹ̀. Ó jáde nínú Action Comics àkọ́kọ́, tí wọ́n kọ oṣù Okúdù ọdún 1938 sí lára. (Ọdún 1938 yìí kan náà ni Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀ ti D. O. Fágúnwà jáde nílé níhìn-ín. Kò sí ohun tí ó pa wọ́n pọ̀, ṣùgbọ́n inú mi máa ń dùn tí mo bá rò ó pé ọdún kan náà ni Àkàrà-Ògùn àti Superman wọ inú ìwé.) Superman tà wàràwàrà. Kò pẹ́ tí àwọn ilé iṣẹ́ ìtẹ̀wé yòókù ní New York náà fi ń wá akọni tiwọn kiri.

Ọ̀kan nínú wọn ni Fawcett Publications. Wilford Fawcett, ọkùnrin kan tí ó ti ṣe iṣẹ́ ológun rí, ni ó dá ilé iṣẹ́ náà sílẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Minnesota lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kìíní. Captain Billy ni ìnagijẹ rẹ̀, ìwé àwàdà tí ó sì kọ́kọ́ là á sí ọlà láti ọdún 1919 ń jẹ́ Captain Billy's Whiz Bang. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi àwọn orúkọ wọ̀nyí sọ́kàn, nítorí a óò tún bá wọn pàdé láìpẹ́. Ní ọdún 1939, ilé iṣẹ́ náà gbé iṣẹ́ akọni tuntun lé Bill Parker, tí ó jẹ́ òǹkọ̀wé, àti C. C. Beck, tí ó jẹ́ ayàwòrán, lọ́wọ́. Èrò Parker ni pé kí wọ́n kó akọni mẹ́fà jọ, kí ẹnì kọ̀ọ̀kan sì ní agbára tirẹ̀. Ọ̀gá wọn, Ralph Daigh, ni ó ní kí wọ́n da agbára mẹ́fẹ̀ẹ̀fà sí ara ẹnì kan ṣoṣo. Captain Thunder, ìyẹn Ọ̀gágun Àrá, ni wọ́n kọ́kọ́ sọ ọ́, ṣùgbọ́n àwọn mìíràn ti mú orúkọ náà ṣáájú wọn. Ayàwòrán kan tí ń bá Beck ṣiṣẹ́, Pete Costanza, wá dábàá Captain Marvelous. Wọ́n gé e kúrú, ó di Captain Marvel, Ọ̀gágun Ìyanu. Kí ọmọ náà tó dé ayé rárá ni wàhálà orúkọ ti bẹ̀rẹ̀ lórí rẹ̀.

Ìtàn àkọ́kọ́ jáde nínú Whiz Comics ti oṣù Èrèlé ọdún 1940. Ọmọ òrukàn kan wà tí ń jẹ́ Billy Batson. Arákùnrin bàbá rẹ̀ ti lé e jáde nílé kí ó lè jókòó ti ogún ọmọ náà. Ìwé ìròyìn ni Billy ń tà lójú pópó lóru, inú ibùdókọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀ ni ó sì ń sùn, nítorí pé ibẹ̀ móoru. Ní òru ọjọ́ kan, ọkùnrin kan tí a kò rí ojú rẹ̀ ní kí ó tẹ̀lé òun sọ̀ kalẹ̀. Ọkọ̀ ojú irin àrà kan gbé wọn lọ sínú ihò abẹ́ ilẹ̀ kan, níbi tí ère ọ̀tá ọmọ ènìyàn méje wà: ìgbéraga, ìlara, ojúkòkòrò, ìkórìíra, ìmọtara-ẹni-nìkan, ìmẹ́lẹ́ àti àìṣòdodo. Ní ìparí ihò náà, bàbá arúgbó kan jókòó sórí ìtẹ́, òkúta ràgàjì kan sì ń fi okùn tín-ín-rín rọ̀ sókè orí rẹ̀. Arúgbó náà jẹ́ oṣó tí ó ti ń bá ibi jà láti ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún. Ó ní àgbà ti dé sí òun, kí Billy pe orúkọ òun. Bí ọmọ náà ti ní “Shazam” báyìí, àrá sán, mànàmáná kọ, ọmọdé di géńdé nínú aṣọ pupa tí àmì mànàmáná aláwọ̀ wúrà wà láyà rẹ̀. Okùn já, òkúta náà sì tẹ arúgbó náà pa. Ọmọ tí wọ́n fi ogún dù wá di ẹni tí ó jogún ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo.

Ẹ wo ọ̀rọ̀ náà dáadáa. S dúró fún Sólómọ́nì, tí ó fún un ní ọgbọ́n. H dúró fún Hercules, tí ó fún un ní agbára apá. A fún Atlas, ìfaradà. Z fún Zeus, àṣẹ. A kejì fún Achilles, ìgboyà. M fún Mercury, ìyára. Ọba inú Bíbélì kan, pẹ̀lú òrìṣà àti akọni ilẹ̀ Gíríìkì àti Róòmù márùn-ún, ni wọ́n dì sínú sílébù méjì. Nínú kíláàsì, mo máa ń fi Shazam ṣe àpẹẹrẹ nígbà tí mo bá dé orí J. L. Austin, onímọ̀ ọgbọ́n orí ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ó sọ nínú ìdánilẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Harvard ní ọdún 1955 pé kì í ṣe gbogbo ọ̀rọ̀ ni ó ń ròyìn ohun tí ó wà nílẹ̀, pé àwọn ọ̀rọ̀ kan wà tí sísọ wọn gan-an ni ìṣe. Alága tí ó bá ní “Mo ṣí ìpàdé yìí” kò ròyìn nǹkan kan fún wa. Ó ti ṣí i náà nìyẹn. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi kì í jẹ́ kí n parí àlàyé. “Ọfọ̀ nìyẹn, sà!” ni wọ́n máa ń pariwo láti ẹ̀yìn.

Ọfọ̀ ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n irú rẹ̀ yàtọ̀, ibi tí ó sì ti yàtọ̀ ni ó dùn mọ́ mi jù. Ọfọ̀ tiwa ń gba etí ṣiṣẹ́. Ìró ni ó fi ń so nǹkan pọ̀ mọ́ nǹkan. Ewé gbégbé wúlò fún iṣẹ́ tí a bá fẹ́ kí nǹkan “gbé” nǹkan, nítorí pé ìró orúkọ ewé náà àti ìró ọ̀rọ̀ ìṣe náà bára mu. Ẹni tí kò mọ ìwé kà rárá lè jẹ́ ògbóǹtarìgì nínú ìmọ̀ yìí, a sì mọ̀ pé àwọn àgbà tí ó mọ̀ ọ́n jù kò mọ ìwé kà. Shazam kò rí bẹ́ẹ̀. Ojú ni ó ń gbà ṣiṣẹ́, nítorí pé ẹni tí kò mọ lẹ́tà kò lè rí Sólómọ́nì nínú S. Ọfọ̀ àwọn ọmọ ilé ìwé ni. Mo tilẹ̀ gbà pé àsìkò rẹ̀ ni ó bí i: láti ọdún 1933 ni ìjọba Ààrẹ Franklin Roosevelt ti ń dá ilé iṣẹ́ sílẹ̀ lọ́tùn-ún lósì láti fi gbógun ti ọ̀dá owó, lẹ́tà ni àwọn ará ìlú sì fi ń pè wọ́n, CCC, TVA, WPA. Ọmọ tí ó ka Whiz Comics ní 1940 ti mọ̀ láti kékeré pé lẹ́tà bíi mélòó kan lè fún bàbá òun ní iṣẹ́.

Ọmọ Yorùbá kò sì ní ṣàì rántí Ṣàngó. Nínú ìtàn tí Samuel Johnson kọ sínú The History of the Yorubas, tí ó jáde ní ọdún 1921, Ṣàngó dán oògùn tí ń pe mànàmáná wò, ààfin tirẹ̀ gan-an ni àrá náà sì bà jẹ́. Ti Billy kì í yẹ̀. Bí ó bá pe àrá, á di Captain Marvel; bí Captain Marvel bá tún pè é, á padà di ọmọ kékeré tí kò lè dá nǹkan kan ṣe. Ìdí nìyí tí àwọn ọ̀tá rẹ̀, pàápàá Dókítà Sivana, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì burúkú nì, fi máa ń sáré di ọmọ náà lẹ́nu kí ó tó sọ̀rọ̀. Bí ẹ bá ka ogún nínú ìtàn wọ̀nyí, ẹ ó rí i pé ẹnu tí wọ́n fi aṣọ dì ni ewu tí ó ń bọ̀ léraléra. Níbi iṣẹ́ ńkọ́? Rédíò! Ilé iṣẹ́ rédíò kan tí ń jẹ́ WHIZ gba Billy síṣẹ́ pé kí ó máa ka ìròyìn. Ohùn ni ó ń fi jẹun, ohùn náà ni ó sì fi ń jà. (Ẹ̀yin tí ẹ fi orúkọ Captain Billy àti Whiz Bang sọ́kàn, ẹ ti rí ibi tí wọ́n tún yọjú sí.)

Nígbà tí ó di oṣù Ọ̀pẹ ọdún 1941, ẹbí akọni náà bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀. Ọmọkùnrin kan tí ń jẹ́ Freddy Freeman kó sí ọwọ́ ọ̀daràn kan tí wọ́n sọ ní Captain Nazi. Ó pa bàbá àgbà ọmọ náà, ó sì sọ òun fúnra rẹ̀ di arọ. Kí ọmọ náà má bàa kú, Captain Marvel pín nínú agbára rẹ̀ fún un, ó sì di Captain Marvel Junior. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tirẹ̀ kì í ṣe Shazam. Orúkọ olóore rẹ̀, “Captain Marvel”, ni ọ̀rọ̀ agbára tirẹ̀. Ẹ rò ó wò. Bí ẹnikẹ́ni bá bi akọni yìí léèrè pé kí ni orúkọ rẹ̀, kò lè dáhùn, nítorí pé bí ó bá ti sọ “Captain Marvel”, kí ó tó dé orí “Junior”, àrá á ti sán, á sì ti padà di ọmọ arọ tí ń fi ọ̀pá rìn. Àwa tí a ti ilé tí ìyàwó kì í ti í pe orúkọ àbíkẹ́yìn ọkọ rẹ̀ jáde, tí a kì í pe ejò ní ejò lóru bí kò ṣe okùn ilẹ̀, kò ní ṣòro fún wa láti lóye rẹ̀. Èèwọ̀ orúkọ ni. Ohun tí ó jẹ́ àrà nínú rẹ̀ ni pé orúkọ òun fúnra rẹ̀ ni èèwọ̀ náà dì mọ́.

Ọdún kan lẹ́yìn èyí, ní oṣù Ọ̀pẹ ọdún 1942, Billy rí i pé òun ní ìbejì: Mary, tí wọ́n ti yà á kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀ láti kékeré. Shazam náà ni òun ń pè, ṣùgbọ́n àwọn obìnrin ni ó pọ̀ nínú lẹ́tà tirẹ̀: Selena, Hippolyta, Ariadne, Zephyrus, Aurora, Minerva. Ọ̀rọ̀ kan náà ni, ìtumọ̀ rẹ̀ sì yí padà nítorí ẹni tí ó sọ ọ́. Otto Binder ni ó kọ ìtàn náà, Marcus Swayze ni ó ya Mary.

Binder yìí ni ó yẹ kí n dúró lé lórí díẹ̀. Láti 1941 títí dé 1953, nínú ìtàn 1,743 tí wọ́n ṣe nípa ẹbí Marvel, òun nìkan ni ó kọ 986. Ìwọ̀nba ọ̀rọ̀ ni ó ń lò, àwàdà rẹ̀ sì jinlẹ̀. Òun ni ó kọ ìtàn ẹkùn kan tí ń sọ̀rọ̀ bí ènìyàn, Ọ̀gbẹ́ni Tawky Tawny, tí ó wọ kóòtù tí ó sì fẹ́ máa gbé láàárín ìlú bí ọmọlúwàbí. Òun náà ni ó kọ ìtàn alápá 25 kan, tí ó jáde láti 1943 sí 1945, nípa ẹgbẹ́ àwọn ẹni ibi tí olórí wọn kàn ń fi ohùn sọ̀rọ̀ láìyọjú. Gbogbo òǹkàwé ń retí òmìrán. Nígbà tí àṣírí tú, kòkòrò kékeré kan tí ó dé awò ojú ni, tí ń fi ẹ̀rọ gbé ohùn rẹ̀ jáde. Beck ní tirẹ̀ kì í da àwòrán rẹ̀ láàmú. Ìlà díẹ̀, ojú tí ó hàn kedere (ojú òṣèré Fred MacMurray ni ó fi ṣe àwòkọ́ṣe), kò sí ìṣekúṣe. Èmi fẹ́ràn iṣẹ́ wọn ju ti Superman ìgbà náà lọ, ó sì jọ pé àwọn ọmọ Amẹ́ríkà nígbà náà gbà pẹ̀lú mi: ní ọdún 1944 nìkan, Captain Marvel Adventures ta ẹ̀dà tí ó lé ní mílíọ̀nù 14. Ṣáájú ìgbà náà, ní ọdún 1941, ilé iṣẹ́ Republic ti fi í ṣe sinimá alápá 12, èyí tí ó jẹ́ àkọ́kọ́ irú rẹ̀ tí wọ́n fi akọni inú kọ́míìkì ṣe. Tom Tyler ni ó ṣe akọni náà.

Ṣùgbọ́n n kò ní bo ohun tí ó burú mọ́lẹ̀. Láti ọdún 1942 ni ìránṣẹ́ aláwọ̀ dúdú kan ti wà nínú ìtàn náà, tí wọ́n sọ ní Steamboat. Ètè rẹ̀ ni wọ́n yà ju ojú rẹ̀ lọ, ìpayà ni iṣẹ́ rẹ̀. Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà kọ ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ ni ó bí mi nínú jù gẹ́gẹ́ bí onímọ̀ èdè: wọ́n ń ba àkọtọ́ jẹ́ mọ̀ọ́mọ̀ kí ọmọ tí ń kà á lè fi í rẹ́rìn-ín, bí ẹni pé ọ̀nà tí àwọn aláwọ̀ dúdú ń gbà sọ̀rọ̀ kò ní òfin kankan. Ní ọdún 1945, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan ní New York, tí wọ́n wà nínú ẹgbẹ́ tí ń jẹ́ Youthbuilders, gbéra lọ bá Will Lieberson, ọ̀gá àwọn olóòtú, ní ọ́fíìsì rẹ̀. Wọ́n mú àwòrán Steamboat lọ́wọ́ lọ, wọ́n sì sọ fún un pé àwọn òǹkàwé rẹ̀ á rò pé bí ìran aláwọ̀ dúdú ṣe rí nìyí. Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ ọ́ létí. Steamboat kò tún jáde mọ́. Àwọn ọmọ ilé ìwé ni ó lọ sọ ọ́, kì í ṣe àwọn àgbà, mo sì máa ń fẹ́ kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ẹjọ́ ni ó kàn. Láti ọdún 1941 ni ilé iṣẹ́ tí ó ni Superman, tí a wá mọ̀ sí DC, ti pe Fawcett lẹ́jọ́ pé àdàkọ Superman ni Captain Marvel. Àwọn méjèèjì ni ó wọ aṣọ tí ó fún mọ́ra tí aṣọ ìlékè sì ń fẹ́ lẹ́yìn wọn, àwọn méjèèjì ni ó lágbára rẹpẹtẹ, àwọn méjèèjì ni ó ń fara pamọ́ sábẹ́ ẹni tí ń ṣiṣẹ́ ìròyìn. Ẹjọ́ náà falẹ̀ títí di 1948 kí wọ́n tó gbọ́ ọ. Ìdájọ́ àkọ́kọ́, tí ó jáde ní ọdún 1950, ní apá méjì. Adájọ́ gbà pé Fawcett dà á kọ. Ṣùgbọ́n ó tún ní àwọn tí ń tẹ àwòrán Superman sínú ìwé ìròyìn ojoojúmọ́ kò kọ àmì ẹ̀tọ́ àtẹ̀jáde sí i bí òfin ṣe wí, nítorí náà Superman ti di ohun tí a pa tì. DC gbé e lọ sí ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn. Níbẹ̀ ni ó ti kan adájọ́ kan tí ń jẹ́ Learned Hand. (Orúkọ rẹ̀ gan-an nìyẹn, ẹ má rò pé oyè ni.) Ní ọdún 1951, ó ní DC kò pa ẹ̀tọ́ rẹ̀ tì. Ó wá sọ ohun kan tí ó yẹ kí gbogbo ẹni tí ń kọ ìtàn mọ̀: pé kì í ṣe akọni náà gẹ́gẹ́ bí akọni ni ọ̀rọ̀ kàn, bí kò ṣe ìtàn kọ̀ọ̀kan tí Fawcett bá dà kọ. Kò sí ẹni tí ó ni “ọkùnrin alágbára”. Ohun tí a lè ni ni ọ̀nà tí a gbà sọ ìtàn rẹ̀. Ó dá ẹjọ́ náà padà pé kí wọ́n lọ yẹ ìtàn wọ̀nyí wò níkọ̀ọ̀kan.

Fawcett kò dúró dé ìparí rẹ̀. Ọjà kọ́míìkì àwọn akọni ti ń kú lẹ́yìn ogun, owó agbẹjọ́rò sì ń gorí ara wọn. Ní ọdún 1953 wọ́n parí ìjà náà nítùbí-nínùbí: wọ́n san dọ́là 400,000, wọ́n sì gbà pé àwọn kò ní tẹ Captain Marvel jáde mọ́. Whiz Comics parí ní oṣù Okúdù ọdún 1953, èyí tí ó gbẹ̀yìn nínú ìwé ẹbí náà sì jáde pẹ̀lú oṣù Ṣẹ̀rẹ̀ ọdún 1954 lára rẹ̀. Beck lọ ń ya àwòrán ìpolówó ọjà. Binder ńkọ́? DC ni ó lọ! Ilé iṣẹ́ tí ó mú ẹnu iṣẹ́ rẹ̀ kúrò lọ́jà ni ó gbà á, ìtàn Superman ni ó sì ń kọ fún wọn. Ní ọdún 1959, òun àti ayàwòrán Al Plastino dá Supergirl sílẹ̀, ìbátan Superman, ọmọbìnrin tí ó wọ aṣọ irú ti akọni àgbà tí ó sì ní agbára irú tirẹ̀. Ẹni tí ó ti ka Mary Marvel yóò rẹ́rìn-ín sínú. N kò rò pé ẹnikẹ́ni pe DC lẹ́jọ́ nítorí ìyẹn.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òǹtẹ̀wé kan tí ń jẹ́ Len Miller ti ń tún Captain Marvel tẹ̀ fún àwọn ọmọ ibẹ̀, ó sì ń jèrè. Nígbà tí ìwé kò wá láti Amẹ́ríkà mọ́, ó ké sí Mick Anglo, Anglo sì yí gbogbo rẹ̀ padà díẹ̀díẹ̀: ní oṣù Èrèlé ọdún 1954, Captain Marvel di Marvelman. Ọ̀rọ̀ agbára tuntun kan gbọ́dọ̀ wà. Wọ́n mú ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí a fi ń pe agbára átọ́ọ̀mù, atomic, wọ́n kà á láti ẹ̀yìn bọ̀ síwájú, ó di Kimota. Ẹnà ni! Ẹ̀yin tí ẹ fi ẹnà ṣeré ní kékeré mọ̀ pé sílébù ni a máa ń fi há ọ̀rọ̀ láàárín tàbí kí a yí i sípò. Ìró kọ̀ọ̀kan ni tiwọn yí. Ṣùgbọ́n ohun tí ó wà nínú ọ̀rọ̀ náà ni kí ẹ wò. Ọdún mẹ́sàn-án péré lẹ́yìn tí bọ́ǹbù átọ́ọ̀mù wó Hiroshima, Zeus àti Sólómọ́nì ti kúrò lẹ́nu ọmọdé. Átọ́ọ̀mù ni ó ń pè.

Àwọn ọmọ tí ó wà lábẹ́ Marvelman jogún èèwọ̀ Freddy pẹ̀lú: orúkọ “Marvelman” ni wọ́n fi ń yí padà. Nígbà tí Alan Moore tún ìtàn náà gbé dìde nínú ìwé ìròyìn Warrior láti ọdún 1982, ó fi èèwọ̀ náà ṣe ohun tí ẹnikẹ́ni kò ṣe rí. Ọmọ náà ti di àgbà nínú ara agbára, ó ti di ìkà, ó sì fẹ́ pa ọ̀gá rẹ̀ àtijọ́. Níbi tí ó ti ń fọ́nnu lé e lórí, ó gbàgbé ara rẹ̀, ó pe orúkọ rẹ̀. Àrá sán. Ọmọ ọdún mẹ́tàlá kan ni ó kù nílẹ̀ tí ń sunkún.

Ẹ jẹ́ kí a padà sí Amẹ́ríkà, nítorí pé ibẹ̀ ni orúkọ ti bọ́. Nínú òfin, ẹ̀tọ́ lórí ìtàn tí a ti kọ kì í tètè kú, ṣùgbọ́n orúkọ tí a fi ń ta ọjà kò rí bẹ́ẹ̀: lílò ni ó fi ń wà láàyè. Láti 1953, Fawcett kò lo orúkọ náà mọ́. Ó wá dà bí ilé tí a ti kó jáde kúrò nínú rẹ̀, tí ilẹ̀kùn rẹ̀ ṣí sílẹ̀. Ní ọdún 1966, ilé iṣẹ́ kékeré kan kọ́kọ́ wọ̀ ọ́. Captain Marvel tiwọn máa ń pariwo “Split!” kí orí, apá àti ẹsẹ̀ rẹ̀ tú ká kúrò lára ara wọn, kí ó sì pariwo “Xam!” kí wọ́n tó padà pọ̀. Èyí burú tó bẹ́ẹ̀ tí n kò ní fi àkókò yín ṣòfò lórí rẹ̀. Ní ìparí ọdún 1967, ilé iṣẹ́ Marvel, tí orúkọ tirẹ̀ gan-an wà nínú ọ̀rọ̀ náà, gbé Captain Marvel tiwọn jáde, jagunjagun kan tí ó ti inú ayé mìíràn wá. Láti ìgbà náà ni wọn kò ti jẹ́ kí orúkọ náà bọ́ lọ́wọ́ àwọn. Oríṣiríṣi ẹni ni wọ́n ti fi jẹ ẹ́. Ní ọdún 1982, Monica Rambeau, obìnrin aláwọ̀ dúdú láti New Orleans, ni wọ́n fún. Ilé kan náà tí Steamboat ti ń ṣe ìránṣẹ́ ni orúkọ yẹn ti jáde wá.

Ní ọdún 1972, DC gba àṣẹ lọ́wọ́ Fawcett láti tẹ Captain Marvel jáde. Àwọn tí ó pa á lẹ́nu mọ́ ni ó tún jí i! Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n fẹ́ kọ orúkọ rẹ̀ sí iwájú ìwé, orúkọ náà ti wà lọ́wọ́ Marvel. Nítorí náà, Shazam! ni ìwé tí ó jáde pẹ̀lú oṣù Èrèlé ọdún 1973 ń jẹ́. Wọ́n pe Beck padà wá ya á, ó sì wá. Ìtàn tí wọ́n ń fún un kò dùn mọ́ ọn, ó sì fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ lẹ́yìn ẹ̀dà kẹwàá. Àwọn ọmọ tí ó dàgbà lẹ́yìn ìgbà náà, tí wọ́n sì wo eré rẹ̀ lórí tẹlifíṣọ̀n láti 1974 sí 1976, ń pe akọni náà ní Shazam, bí ìgbà tí ènìyàn bá ń fi ọfọ̀ pe ẹni tí ń pe ọfọ̀. Ní ọdún 2012, DC fara mọ́ ọn, wọ́n sọ akọni náà gan-an di Shazam. Ní oṣù Ẹrẹ́nà ọdún 2019, sinimá kan jáde tí ń jẹ́ Captain Marvel, kò sì sí Billy Batson nínú rẹ̀. Ní oṣù Igbe tí ó tẹ̀lé e, sinimá Billy Batson jáde, Shazam! ni wọ́n sì kọ sí ara rẹ̀. Billy wá bọ́ sí ipò tí Freddy wà láti ọdún 1941: bí ẹnikẹ́ni bá bi í pé kí ni orúkọ rẹ̀, tí ó sì dáhùn, àrá á sán, ọmọdé ni yóò sì bá níwájú rẹ̀.